Èèpo Ọ̀gànwó ní Ìhà Ìlà-Oòrùn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Kuta jáde ní Ìwó, tí ẹ kọjá ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń dúró de èrò, ẹ ó rí ọ̀nà oko kan lọ́wọ́ òsì. Ẹ máa rìn ín lọ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Kí ẹ tó rí òrùlé kankan, ẹ ó ti máa wo orí igi kan tó yọ sókè ju gbogbo igi tó kù lọ, tí ewé rẹ̀ dúdú minimini, tó dá dúró bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni du àyè. Igi ọ̀gànwó wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: igi wa. Ẹni tó bá ní mo ń fọ́nnu kò parọ́ mọ́ mi.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìwó, mo sì ti ya ewé àti òdòdó sójú pátákó débi pé bí mo bá di ojú mi méjèèjì, n ó yà á. Bàbá mi ní tiwọn, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ilé kéwú nìkan ni wọ́n lọ. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń gbin iṣu, wọ́n ní kòkó díẹ̀ létí odò, wọ́n sì jogún igi kan lọ́wọ́ bàbá wọn. Wọn ò gbìn ín. Bàbá tiwọn náà ò gbìn ín. Ibẹ̀ ni wọ́n bá a.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀gànwó ò ṣọ̀wọ́n tó báyìí. Àwọn tó ń la pákó gé èyí tó tó gé. Àwọn tó ń se àgbo ibà bó èyí tó kù ní èèpo yíká títí ó fi gbẹ lóòró. Nínú gbogbo oko tó wà láàrin tiwa sí Ilé-Ogbó, mo lè ka èyí tó ṣẹ́ kù lórí ìka ọwọ́ kan. Tiwa kù nítorí òfin bàbá mi.

Òfin náà rèé. Ẹnikẹ́ni ló lè wá gba èèpo. Wọn kì í gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ ro abẹ́ igi kó tó máa lọ. Ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn nìkan ni wọ́n ti ń gbà á, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìhà àríwá àti ìhà gúúsù, ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn wọ́n. Èèpo náà ò gbọdọ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Bí wọ́n bá ti gbà á tán, bàbá mi á po amọ̀ mọ́ eérú, wọ́n á fi rẹ́ ojú ọgbẹ́ náà, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ tún gbà nítòsí ibẹ̀ àfi tí ètè ọgbẹ́ bá ti pàdé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá àbúrò tiwọn gan-an padà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. "Ìlà-oòrùn ò tíì san," ni wọ́n wí fún un. "Yí sí ìwọ̀-oòrùn, tàbí kí o lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì."

Lọ́dún kan tí kò tíì pẹ́, láàrin òjò, a dé oko a rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára igi náà. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà oko wa kí mọ́tò lè máa kó ẹrù jáde, ohun tí gbogbo wa ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀gànwó wa ló wà lójú ọ̀nà. Bí òjò bá ti dá, katapílà á dé. Bàbá mi fi ìka pa ọ̀dà náà, wọ́n sì gbóòórùn rẹ̀. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran jù. Wọn ò jẹ nínú iṣu tí a sun lọ́jọ́ náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára.

Mo lọ bá ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ọ̀nà náà. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní òun ò kórìíra igi, ṣùgbọ́n òun ò lè tẹ ọ̀nà nítorí igi lásán. Bí ẹni tó kàwé nípa igi bá kọ ọ́ pé igi tó ṣọ̀wọ́n ni, òun á yẹ ọ̀nà fún un. Mo ní ìyẹn ò le. Ṣé igi tí mo mọ̀ láti kékeré ni n ò wá ní lè sọ bó ṣe rí?

Lẹ́kíṣọ̀ kan wà ní yunifásítì tó jẹ́ pé iṣẹ́ igi àti ewé niṣẹ́ rẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, "Màmá" ló ń pè mí, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí ọ̀rọ̀ bá ti kan igi. Ó ní yàrá kan tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ sí. Wọ́n á tẹ ewé pẹlẹbẹ sórí páálí, wọ́n á sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀: orúkọ igi, ibi tó wà, ẹni tó já a, ẹni tó dá a mọ̀. Ó ní kí n kọ bí igi wa ṣe rí láti ìdí dé òkè, kí n sì já ẹ̀ka kékeré kan tòun tewé wá.

Ní Sátidé, mo gbé ìwé àti bírò lọ sóko. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí láti kékeré, níbi tí òjìji igi máa ń bọ́ sí lọ́sàn-án, tí a ti máa ń jẹ iṣu sísun. Mo kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí ọba. Mo ní èèpo igi náà ń dán, pé ó rọ̀ lọ́wọ́, pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, pé ó wú díẹ̀ létí. Mo kọ ewé. Mo kọ gíga. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, mo fi fáìlì tuntun bò ó, mo gbé òun àti ẹ̀ka kékeré kan tí atẹ́gùn já sílẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́kíṣọ̀ dá a padà fún mi.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Ewé yìí jọ ti ọ̀gànwó, ṣùgbọ́n igi tí ewé wọn jọra pọ̀. Èèpo tí ẹ kọ yìí gan-an ni kò jọ ọ́. Èèpo ọ̀gànwó kì í dán. Mi ò lè buwọ́ lù ú."

Inú bí mi. Kí n má parọ́, inú bí mi débi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè mí lójú ọ̀nà, mi ò gbọ́. Ọmọ àná yìí, tí kò fi ẹsẹ̀ kan oko wa rí! Ṣé inú ìwé ni wọ́n á ti wá kọ́ mi ní igi bàbá mi? Oko ni mo gbà lọ tààrà, pẹ̀lú bàtà iléèwé lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi wà lábẹ́ igi, wọ́n ń pọ́n àdá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ro gbogbo ẹjọ́ fún wọn. Wọ́n ní, "Ka ohun tí o kọ sí mi létí." Mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á, mo sì ń gbé ohùn sókè níbi tí mo rò pé ó dùn. Nígbà tí mo dé ibi èèpo tó ń dán, bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Níbo lo jókòó sí tí o fi kọ ọ́?"

"Ibi tí a máa ń jókòó sí náà ni, Bàbá."

"Bọ́ síbí." Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n gbé ọwọ́ mi lé èèpo tó wà lẹ́yìn ibi ìjókòó wa. Ó ń dán lóòótọ́, ó rọ̀, ó tutù. Wọ́n wá fà mí yí igi náà lọ sí ìhà gúúsù, níbi tí koríko ti ga dé orúnkún, wọ́n tún gbé ọwọ́ mi lé e. Èèpo tibẹ̀ le koko. Ó ń ṣí ní ìpẹ́ ìpẹ́ bí ara ẹja, ó sì ń họ mí lọ́wọ́.

"Èyí ni igi," ni bàbá mi wí. "Èyí tí o fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, ọgbẹ́ tó san ni. Ojú ọgbẹ́ lo kọ, ọmọ mi. O ò kọ igi."

Ojú tì mí, ó tì mí dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń jókòó sí ìhà ìlà-oòrùn, nítorí pé ibẹ̀ ni òjìji máa ń wà lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń gba èèpo. Èèpo tuntun tó hù bo ọgbẹ́ ni mo mọ̀, mo sì rò pé bí igi ṣe rí nìyẹn. N ò fi ìgbà kan yí i ká rí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣe irú rẹ̀, òdo ni n ó fún un, n ó sì tún bá a wí lójú gbogbo kíláàsì.

Bàbá mi ò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. "Wọ́n ní ohun tí àgbà jókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i," ni wọ́n wí. "Ìwọ ò tiẹ̀ gun igi. Ìwọ fẹ̀yìn ti igi, o ò rí i."

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, bàbá mi ń fi ọwọ́ wò ó, èmi ń kọ ọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ yọ sókè nílẹ̀ bí ògiri kúkúrú kí ó tó wọlẹ̀ lọ. Igi náà lọ sókè gbọnrangandan, ó ga ju ilé alájà méjì lọ kó tó yọ ẹ̀ka àkọ́kọ́. Èèpo rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó ń bọ́ ní ìpẹ́ róbótó róbótó, ibi tí ìpẹ́ bá sì ti bọ́ máa ń pọ́n bíi ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo fẹ́ fi àdá ṣá a díẹ̀ kí n lè wo inú rẹ̀. Bàbá mi yarí: gúúsù ni ibí yìí! Wọ́n mú mi lọ sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gba èèpo tí kò tó èékánná. Inú rẹ̀ pupa bí obì. Mo tọ́ ọ wò, ìkorò rẹ̀ sì dúró ti ọ̀fun mi títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọ́n rẹ́ amọ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ní kí n ro abẹ́ igi. Èmi náà sì ro ó, tíṣà tòun ti bàtà iléèwé.

Ewé rẹ̀ kọjú síra ní méjì méjì lára ọ̀pá kan, ìtò mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sì sí ewé kan ṣoṣo tó dá dúró ní ṣóńṣó ọ̀pá náà. Ìyẹn ni mo rí fúnra mi. Àmọ́ bàbá mi ló sọ fún mi pé ewé náà máa ń pupa fòò nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, pé pupa náà kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun ráúráú, kò lẹ́wà. "Èèyàn kì í mọ ìgbà tó bá tanná," ni wọ́n wí. "Oyin ló máa ń mọ̀." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ogún ọdún tí mo fi ń kọ́ni, mi ò kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí lẹ́kíṣọ̀ kà á tán, ó gun ọ̀kadà wá sí oko wa fúnra rẹ̀. Ó yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, "Ọ̀gànwó ni, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gànwó ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn ṣì pọ̀. Èkejì rẹ̀ tó jẹ́ ti igbó ló ti fẹ́ tán, òun ni mo lè torí rẹ̀ kọ̀wé. Èso ló máa ń fi wọ́n hàn."

"Ojú márùn-ún," ni bàbá mi wí.

Lẹ́kíṣọ̀ yíjú sí wọn.

"Ti ọ̀dàn, ojú mẹ́rin ni èso rẹ̀ máa ń là sí. Tiwa, márùn-ún ni. Ọmọ márùn-ún la jẹ́ nílé wa. Bí èso bá já, a ó pín in, kálukú á fi tirẹ̀ ṣe àwo oúnjẹ eré. Ó máa ń kárí wa, ẹnikẹ́ni kì í sunkún."

"Bàbá, mo gbà yín gbọ́," ni lẹ́kíṣọ̀ wí. "Àmọ́ àwọn tí n ó kọ̀wé sí ò mọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká rí èso tó ṣì wà lórí ẹ̀ka, nítorí èyí tí a bá ṣà nílẹ̀, wọ́n lè ní ibòmíràn ló ti wá."

Bẹ́ẹ̀ èso ọ̀gànwó kì í gbó àfi nínú ọyẹ́, ọyẹ́ náà sì ni katapílà ń dúró dè. Bí òjò ṣe dá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ló ń sún mọ́ wa. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọ̀nà ní òun á fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan, òun ò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń wo òkè igi láràárọ̀ bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Èso wà níbẹ̀, róbótó róbótó bí ọsàn kékeré, kò sì sí èyí tó là.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì, bàbá mi ní kí n so dòjé mọ́ orí ọparun méjì tí a fi okùn so gùn. Mo gun òkè àkàsọ̀. Ojú wọn ò ká èso lókè, wọ́n wá ní kí n máa fi ẹ̀yìn dòjé kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọ́n dẹ etí.

"Ìyẹn ṣì ní omi nínú. Kan òmíràn." Mo kan òmíràn. "Rárá." Ọrùn ń ro mí. Mo kan ìkejìlá tàbí ìkẹtàlá, mi ò rántí mọ́.

"Òun nìyẹn. Gé e tòun tẹ̀ka tòun tewé."

Mo gé e. A gbé e sórí páànù nínú oòrùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́kíṣọ̀ àti ọ̀gá oníṣẹ́ ọ̀nà jọ dúró tì í nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dún, ó sì là. Hóró inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ní ìyẹ́ yíká, wọ́n tò léra wọn bí ìwé. Lẹ́kíṣọ̀ fi ìka ka ojú rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Ó yí èso náà díẹ̀. Márùn-ún.

"Mo wí fún yín," ni bàbá mi wí.

Lẹ́kíṣọ̀ náà, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn nínú eruku. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n máa pàtẹ́wọ́. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí lóríṣiríṣi láyé mi. Kò sí èyí tó wú mi lórí tó bàbá mi tí wọ́n dúró ti igi wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà oko wa yẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Gbogbo mọ́tò tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rọra yà. Ẹ̀ka tí mo gé wà ní yunifásítì lórí páálí, níbi tí wọ́n sì ń kọ ẹni tó dá igi mọ̀ sí, orúkọ bàbá mi ni lẹ́kíṣọ̀ kọ síbẹ̀. Mo ka orúkọ náà fún wọn. Wọ́n ní kí n tún un kà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́kíṣọ̀ ní, "Màmá, ẹ ní àtẹ́lẹwọ́ kan ni òfin. Ọgbẹ́ kan wà ní ìhà ìlà-oòrùn tó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Ta ló rú òfin?" Mi ò mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń fẹ̀yìn tì. Mo padà lọ bi bàbá mi.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. "O ò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ibà dá ọ dùbúlẹ̀. Wọ́n fún ọ lóògùn ní ọsibítù, ara rẹ ò rọlẹ̀, ìyá rẹ ń sunkún. Mo wá gba àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo padà wá gba òmíràn. Nígbà tí mo wá lẹ́ẹ̀kẹta, mi ò wọn nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ara rẹ wá yá tán, mo wo ohun tí mo ṣe fún igi, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, láràárọ̀ ni mo ń pọn omi láti odò wá sídìí rẹ̀. Mo rò pé n ó pàdánù ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Mo jókòó sílẹ̀. Ọgbẹ́ tí mo fi gbogbo ìgbéraga mi kọ sínú ìwé, èmi ni wọ́n torí rẹ̀ ṣá a. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, mi ò ní sọ pé èèpo ló wò mí, nítorí mo lo oògùn ọsibítù náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin tó lé àbúrò rẹ̀ padà nítorí òfin rú òfin náà nítorí mi, ó sì fi orí ru omi san án.

Mo fi ìlà kan kún ìwé náà. Lẹ́kíṣọ̀ kà á, ó ní wọn kì í kọ irú rẹ̀ síbẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú bó ṣe wà. Ohun tí mo kọ ni pé: ní ìhà ìlà-oòrùn, ọgbẹ́ ńlá kan wà tó ti san. Wọ́n gba èèpo ibẹ̀ fún ọmọ kan tí ibà ń ṣe. Igi náà yè, ọmọ náà yè.